Ta Ni Ó Ń Ni Tálákà Lára Nínú Ìwé Ìtàn Wa?

Ìbéèrè kan wà tí a máa ń bi àwọn ọmọ ilé-ìwé nígbàkúùgbà tí a bá ka ìwé ìtàn àròsọ kan tán, pàápàá jùlọ èyí tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kọ: "Kí ni kókó ọ̀rọ̀ inú ìwé náà?" Ìdáhùn rẹ̀ sì ti di ohun tí wọ́n mọ̀ sórí bí orin ìpàdé àárọ̀: "Ìwà ìbàjẹ́ àwọn olórí, àti ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn tálákà." Ọmọ tí ó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ a gba máàkì, olùkọ́ a pa ìwé dé, àti ọmọ àti olùkọ́ a sì jáde lọ ní àlàáfíà, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú òkèèrè kan ni a ti ń sọ láti àárọ̀.

Èmi wí pé ìdáhùn náà kò pé. Àwọn àgbà wí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ṣùgbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí a sọ fún ẹni tí ó ń wá máàkì, àbọ̀ ni yóò wà títí. Bí a bá fi ara balẹ̀ ka àwọn ìwé wọ̀nyí, a ó rí i pé àwọn tí ó kọ wọ́n kò fi gbogbo ẹ̀bi náà lé olórí nìkan lọ́rùn. Wọ́n fi hàn wá pé láàárín àga ọlá àti ẹnu ọ̀nà tálákà, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ó wà, àti pé púpọ̀ nínú ọwọ́ wọnnì jẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀wé, ẹni tí ó ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé-ìwé rí gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ tí a ń kọ́ lónìí. Nítorí náà, nígbà tí a bá kọ́ ọmọ láti máa bú mínísítà nìkan, a ti kọ́ ọ láti fo ojú ewé tí orúkọ òun fúnra rẹ̀ wà. Èyí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi jà sí, kí ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé sì gbọ́ ọ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Ní ọdún 1954, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣe àkóso níbẹ̀, Mongo Beti, tí ó fi orúkọ mìíràn, Eza Boto, bo ara rẹ̀, tẹ ìwé kan jáde ní èdè Faransé tí ó pè ní "Ville cruelle", èyí tí í ṣe Ìlú Ìkà. Nínú rẹ̀ ni a ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin àgbẹ̀ kan, Banda, tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, tí ó sì fẹ́ gbé ìyàwó kí ìyá náà tó kú. Ó kó kòkó rẹ̀ jọ, àwọn obìnrin abúlé bá a rù ú, wọ́n sì gbé e wá sí ìlú Tanga láti tà á. Òfin wà pé kí àwọn olùyẹ̀wò yẹ kòkó wò kí oníṣòwò tó rà á, kí èyí tí kò gbẹ má baà ba èyí tí ó dára jẹ́. Ta ni yóò pe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní òfin búburú? Ṣùgbọ́n Banda kò fi ohunkóhun sí àwọn olùyẹ̀wò lọ́wọ́. Nítorí náà wọ́n wí pé kòkó rẹ̀ kò dára, wọ́n sì ní kí a dà á sínú iná. Kòkó tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká, tí ó ti fọ́, tí ó ti sá sí oòrùn, làálàá odidi ọdún kan, ni a kà sí ìdọ̀tí níwájú rẹ̀.

Ẹ wo ibi tí ìnilára náà ti wá. Kì í ṣe gómìnà ni ó pàṣẹ pé kí a sun kòkó Banda. Kò dájú pé gómìnà mọ̀ pé ẹnìkan wà láyé tí ń jẹ́ Banda. Lóòótọ́ ni pé ìjọba àjèjì ni ó tẹ́ tábìlì náà, òun ni kò sì fún àgbẹ̀ ní ibi kankan tí yóò ké gbàjarè sí; ẹ̀bi rẹ̀ kò ṣe é wẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó yí òfin rere padà di pàṣán, ọwọ́ ẹni tí ó dúró nídìí ìwọ̀n ni. Ẹ kíyèsí i dáradára: láìsí ọwọ́ náà, òfin náà kì bá tí pa Banda lára.

Ẹnìkan lè wí pé, "Ìgbà àwọn òyìnbó ni èyí, nígbà tí ilẹ̀ bá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ onílẹ̀, nǹkan yóò yàtọ̀." Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, tí ó gba òmìnira ní ọdún 1960. Sembène Ousmane, ẹni tí ó ti ṣe ọmọ ogun, tí ó sì ti ṣe alábàárù ní èbúté Marseille ní ilẹ̀ Faransé kí ó tó di òǹkọ̀wé, kọ ìtàn kan tí ó pè ní "Le Mandat". Ìtàn náà kò gùn. Bàbá kan wà ní ìlú Dakar tí ń jẹ́ Ibrahima Dieng, aláìníṣẹ́, oníyàwó méjì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan, tí ń gbálẹ̀ ìgboro ní Paris, fi ìwé owó ránṣẹ́ sí i ní ilé ìfìwéránṣẹ́: 25,000 owó fránkì. Nínú rẹ̀, 2,000 péré ni ti Dieng. 3,000 jẹ́ ti ìyá ọmọ náà. Ó ní kí ó bá òun tọ́jú 20,000 tí ó kù. Owó dé, ṣùgbọ́n owó kò ṣe é gbà. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ní kí ó mú káàdì ìdánimọ̀ wá. Ó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá láti gba káàdì. Wọ́n ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí wá, àti àwòrán ara rẹ̀, àti owó òǹtẹ̀. Ó lọ sí ilé ìjọba ìlú láti gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Wọ́n ní ọjọ́ wo ni a bí i. Nínú ìran rẹ̀, ta ni ó kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ rí? Ó fi owó yíyá lọ ya àwòrán. Ayàwòrán gba owó rẹ̀, kò sì fún un ní àwòrán, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi bọ́ ní imú bàbá náà. Níkẹyìn ó bọ́ sí ọwọ́ ìbátan ara rẹ̀ kan, Mbaye, ọ̀mọ̀wé, onímọ́tò, ẹni tí ó mọ gbogbo ọ̀nà. Mbaye ní kí ó fi àṣẹ fún òun láti bá a gba owó náà. Ó gbà á; ó sì padà wá wí pé olè ti jí i lápò òun. Àpò ìrẹsì ni ó fi tu bàbá náà nínú.

Mo bẹ̀ yín, ẹ ka iye ènìyàn tí Dieng bá pàdé ní ọ̀nà yìí. Olórí ìjọba kò sí láàárín wọn. Mínísítà kankan kò fi ọwọ́ kan owó rẹ̀. Àwọn tí ó jẹ ẹ́ run ni akọ̀wé, ọlọ́pàá, ayàwòrán, ìbátan. Àwọn ènìyàn tí owó iṣẹ́ tiwọn pàápàá kò tó wọn jẹun, àfi ẹyọ ẹnìkan. Òǹkọ̀wé kò sì kun Dieng fúnra rẹ̀ ní ẹfun: agbéraga ni, ó fẹ́ràn kí a máa pè é ní ẹni ńlá, ó sì ń fi agbára hàn nínú ilé níwọ̀n ìgbà tí kò ní i lóde. Ohun tí ó dá a lẹ́bi lójú àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn fèrèsé ni pé kò mọ èdè tí a fi kọ ìwé wọn. Ìmọ̀ ìwé, tí àwa ń pè ní ìmọ́lẹ̀, ni wọ́n fi dí i lójú. Bí olùkọ́ bá ka ìtàn yìí fún àwọn ọmọ, tí kò sì bi wọ́n pé, "Ta ni nínú yín ni yóò jókòó sí àga Mbaye?", olùkọ́ náà kò tíì kọ́ wọn ní ìtàn yìí.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a wá sí ilẹ̀ wa. Chinua Achebe tẹ "A Man of the People" jáde ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1966, ní oṣù kan náà tí àwọn ológun kọ́kọ́ fi ipá gba ìjọba ní Nàìjíríà. Gbogbo ọmọ ilé-ìwé tí ó bá ti kà á ni ó mọ Olóyè Nanga, mínísítà tí ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn bí ó ti ń kó ohun ìní wọn lọ. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó dúró láti rán àwọn ọmọ létí pé olùkọ́ ni Nanga tẹ́lẹ̀? Ilé-ìwé ni ó ti wá. Odili tí ó dìde láti bá a du ipò, ọmọ tí ó kọ́ ní ìwé ni.

Ìtàn kékeré kan sì wà láàárín ìwé náà tí ó tóbi ju ìtàn mínísítà lọ lójú mi. Ní abúlé Anata, oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Josiah jí ọ̀pá afọ́jú kan tí ń jẹ́ Azoge, ó sì fi ọ̀pá tuntun rọ́pò rẹ̀. Gbogbo abúlé gbà pé òògùn owó ni ó fẹ́ fi ọ̀pá àtijọ́ náà ṣe. Wọn kò pe ọlọ́pàá. Wọn kò nà án. Kò sí ẹni tí ó tún ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, títí ìsọ̀ rẹ̀ fi di títì. Àwọn ará abúlé náà ní ààlà kan nínú ọkàn wọn tí olè kò gbọdọ̀ rékọjá, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ni abúlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Nanga jí ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọ̀pá lọ, àwọn ènìyàn kan náà rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n sì ní kí ó jẹ nígbà tí àkókò tirẹ̀ dé. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ náà? Òun ni ohun tí àwa Yorùbá pàápàá ń wí lójoojúmọ́ láìronú, pé iṣẹ́ ìjọba, a kì í ṣe é làágùn. Ohun tí í ṣe ti ìjọba, kò ní olóhun lójú wa. Ẹni tí ó bá sì kó ohun tí kò ní olóhun, ọlọ́gbọ́n ni à ń pè é. Nígbà tí ó ṣe, Josiah yìí kan náà ni ó nàka Odili sí Nanga láàárín àwùjọ, tí wọ́n fi lù ú ní àlùbolẹ̀. Olè tí abúlé lé jáde ti rí ibi ìsinmi lábẹ́ òjìji mínísítà. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí, kò sì wà nínú ìdáhùn tí a ń kọ́ àwọn ọmọ láti há sórí.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa kò fẹ́ kí a máa ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ rárá. Mo ti gbọ́ àwáwí mẹ́ta lẹ́nu wọn, n ó sì dá wọn lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwáwí kìíní ni pé àwọn ìwé náà ń pa ìrètí. Wọ́n a máa tọ́ka sí "The Beautyful Ones Are Not Yet Born", tí Ayi Kwei Armah, ọmọ ilẹ̀ Gánà, tẹ̀ jáde ní ọdún 1968, ìwé tí ó kún fún èérí àti òórùn tó bẹ́ẹ̀ tí Achebe pàápàá fi bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Lóòótọ́, nígbà tí àwọn ológun lé Nkrumah kúrò lórí oyè ní oṣù Èrèlé ọdún 1966, Koomson, mínísítà inú ìwé náà, gba ihò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sá lọ. Ní ìparí ìwé, lábẹ́ ìjọba tuntun, ọlọ́pàá dá ọkọ̀ èrò dúró lójú ọ̀nà, awakọ̀ bọ́ owó sí i lọ́wọ́, ọkọ̀ sì kọjá. A ti pa olórí dà, a kò pa ọwọ́ dà. Ṣé àìnírètí ni èyí? Èmi kò gbà. Ó jẹ́ òtítọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ kí ìrètí wa má baà jẹ́ ti òmùgọ̀. Ẹni tí ó rò pé ìnilára yóò tán ní ọjọ́ tí olórí kan bá lọ, òun gan-an ni ìrètí rẹ̀ yóò kú ní ọjọ́ kejì. Armah sì fi ẹnìkan sílẹ̀ fún wa nínú ìwé náà: akọ̀wé rélùwéè kan tí kò fún ní orúkọ, tí oníṣòwò pákó gbé owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ fún, tí ó sì kọ̀ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Ọwọ́ kan wà nídìí tábìlì tí kò ṣí sílẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń fẹ́ ìrètí tí ó tóbi ju èyí lọ, kí ó ka "Les bouts de bois de Dieu" tí Sembène tẹ̀ jáde ní 1960, lórí ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè láti Dakar dé odò Niger, tí ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ láti oṣù Ọ̀wàrà 1947 títí di oṣù Ẹrẹ́nà 1948. Níbẹ̀ ni a ti rí àwọn obìnrin tí kò ní oúnjẹ nílé, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn láti Thiès dé Dakar nítorí ẹ̀tọ́ àwọn ọkọ wọn àti tiwọn.

Àwáwí kejì ni pé àwọn ìwé náà ń kọ́ ọmọ ní àfojúdi sí àwọn tí ó wà ní ipò. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń tàbùkù ipò: ẹni tí ó sọ pé a jalè ní ààfin ni, tàbí ẹni tí ó jalè níbẹ̀? Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Ngũgĩ wa Thiong'o, tí ó kú ní ọdún 2025, tẹ "Petals of Blood" jáde ní 1977, ìtàn àwọn ará abúlé Ilmorog tí ọ̀dá mú, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Nairobi láti wá ẹni tí wọ́n dìbò fún. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, kò sì sí ẹni tí ó fi ọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà, òun àti Ngũgĩ wa Mĩriĩ kọ eré kan ní èdè Gĩkũyũ, àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ Kamĩrĩĩthũ sì ṣe é fúnra wọn. Ìjọba fi òfin de eré náà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ́ 1977 wọ́n mú Ngũgĩ, wọ́n sì tì í mọ́lé fún nǹkan bí ọdún kan láìsí ìdájọ́. Lórí ìwé ìnùdí ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ó ti kọ ìwé ìtàn rẹ̀ kìíní ní èdè Gĩkũyũ. Nígbà tí ó tún tẹ "Matigari" jáde ní 1986, òun fúnra rẹ̀ ròyìn pé àwọn aláṣẹ gbọ́ pé ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Matigari ń káàkiri ìlú, tí ó ń béèrè ibi tí òtítọ́ àti òdodo wà, wọ́n sì pàṣẹ pé kí a mú un, kí wọ́n tó mọ̀ pé ènìyàn inú ìwé ni. Nígbà náà ni wọ́n kó ìwé náà kúrò ní àwọn ilé ìtàwé. Ìjọba tí ó rán ọlọ́pàá lọ mú ènìyàn inú ìwé, kì í ṣe òǹkọ̀wé ni ó sọ ọ́ di ẹlẹ́yà.

Nínú ọ̀ràn yìí, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ẹ̀kọ́ kan sí i. Ìwé tí a kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò bí ẹnikẹ́ni nínú. Èyí tí ìyá àgbẹ̀ lè gbọ́ ni ó dẹ́rù bà wọ́n. Sembène mọ èyí: ní 1968 ó sọ "Le Mandat" di eré sinimá ní èdè Wolof, kí ẹni tí kò mọ ìwé kà lè rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Àwa náà kò ṣe aláìní. Adébáyọ̀ Fálétí ti kọ "Ọmọ Olókùn Ẹṣin" fún wa ní 1969, lórí àwọn tí a ń mú sìn tí wọ́n sì dìde. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti fi Ẹfúnṣetán Aníwúrà hàn wá lórí ìtàgé, àti ọba Jogbo nínú sinimá "Ṣaworoidẹ" ní 1999, ọba tí ó yẹ ìbúra rẹ̀ sílẹ̀ kí ó baà lè kó ọrọ̀ jọ. Síbẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti sọ̀rọ̀ ìnilára, kí ó má baà sún mọ́ ilé jù. Ọmọ tí ó mọ orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà ní èdè ìdánwò kò mọ̀ pé òun kan náà ni ègúnjẹ, òun ni owó ẹ̀yìn, òun ni "ẹ fún wa ní owó kọ́là" tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní alẹ́ àná.

Àwáwí kẹta ni èyí tí ó dùn mọ́ àwa tí ń kọ́ni ní ilé-ìwé ìjọ jùlọ: pé ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú ni gbogbo èyí, kò kàn wá. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ka ìwé méjì tí ó jáde ní 1956. Nínú "Le vieux nègre et la médaille" ti Ferdinand Oyono, Meka, àgbà ọkùnrin olùfọkànsìn, ti fi ilẹ̀ àwọn baba rẹ̀ fún ìjọ, ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì ti kú nínú ogun àwọn Faransé. Wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ kan sí i láyà. Ní òru ọjọ́ náà gan-an, nígbà tí àmì náà ti sọnù mọ́ ọn lára nínú òjò, àwọn ọlọ́pàá mú un bí olè nítorí pé kò lè fi hàn pé ẹni báyìí ni òun. Nínú "Le pauvre Christ de Bomba" ti Mongo Beti, a kó àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó jọ sí ọgbà ìjọ fún oṣù púpọ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́ láìgba owó, olórí àwọn olùkọ́ni ìjọ sì ń ba ayé wọn jẹ́. Àlùfáà tí ó ni ilé náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Kò mọ̀, nítorí pé kò béèrè. Nígbà tí ó béèrè, ó ti pẹ́ jù. Àwọn ìwé wọ̀nyí kò wí pé kí a wó ilé ìjọ. Wọ́n wí pé ẹni rere tí kò béèrè ohun tí a ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe, òun pẹ̀lú ń bẹ nínú àwọn tí ń ni tálákà lára.

Ǹjẹ́ ilé-ìwé wa ńkọ́? Níbo ni ọmọ tálákà ti kọ́kọ́ pàdé ìjọba, bí kì í bá ṣe lọ́dọ̀ wa? Àwa ni fèrèsé kìíní tí ó dúró níwájú rẹ̀. Bí olùkọ́ bá gba owó tí kò sí nínú òfin lọ́wọ́ òbí kí ó tó kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀; bí ó bá rán ọmọ àgbẹ̀ lọ roko rẹ̀ nígbà tí ọmọ akọ̀wé jókòó tí ó ń kàwé; bí a bá ń dá owó jọ láti ra ìdáhùn ìdánwò, tí ọmọ opó tí kò rí san sì jókòó nìkan láti kọ èyí tí ó mọ̀; ọmọ wo ni yóò tún ka ìtàn Banda tí yóò gbà wá gbọ́? Ní òwúrọ̀ ó kọ "ìwà ìbàjẹ́ àwọn olórí" sínú ìwé rẹ̀. Ní ọ̀sán ó rí olùyẹ̀wò kòkó tí ó mú pàṣán dání níwájú pátákó. Ohun tí ó rí ni yóò kọ́.

Mo mọ ìdáhùn tí yóò wá. Ẹ ó wí pé owó oṣù olùkọ́ kò tó nǹkan, àti pé a ti jẹ ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní gbèsè fún oṣù púpọ̀ ní ìpínlẹ̀ tí ó ju ẹyọ kan lọ. Òtítọ́ ni, ìnilára sì ni, ó yẹ kí a sọ ọ́ ní gbangba láìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tí ó dá Dieng padà, òun náà lè sọ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́pàá ojú ọ̀nà nínú ìwé Armah, òun náà lè sọ bẹ́ẹ̀. Báyìí ni ìyà ṣe ń sọ̀kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn kan sí èkejì: olúkúlùkù ń gba ẹgba lọ́wọ́ ẹni tí ó wà lókè, ó sì ń yí i lé ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ lórí, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní ẹnìkan nísàlẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹni náà ni a ń pè ní tálákà. Ẹgba tí a nà wá kò fún wa ní àṣẹ láti na ọmọ opó.

Nítorí náà mo pe ẹ̀yin olùkọ́ sí ìṣe mìíràn. Nígbà tí ẹ bá ka irú ìtàn wọ̀nyí tán, ẹ má ṣe béèrè kókó ọ̀rọ̀ ní àkọ́kọ́. Ẹ bi wọ́n pé: Ta ni ó pàdánù, kí ni ó sì pàdánù, iṣẹ́ ọjọ́ mélòó ni? Ọwọ́ ta ni ó gbà á? Ta ni ó rí i tí ó dákẹ́? Ta ni ì bá ti kọ̀, kí ni ì bá sì ná an láti kọ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn ní èdè ìyá wọn, pẹ̀lú orúkọ tí à ń pe nǹkan wọ̀nyí ní ọjà àti ní ìdí ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù kọ ìtàn fèrèsé kan tí òbí rẹ̀ ti dúró níwájú rẹ̀ rí, ìbáà ṣe ti ilé ìwòsàn, tàbí ti ilé ìfowópamọ́, tàbí ti ilé-ìwé yìí pàápàá. Kí ẹ sì kà á láìbínú.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìparí yìí sílẹ̀ fún. Púpọ̀ nínú yín kì yóò jẹ gómìnà láéláé, ẹ kì yóò sì ṣe mínísítà. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n ọdún díẹ̀ sí i, a ó fi yín sí ìdí ìwọ̀n, a ó fún yín ní òǹtẹ̀, a ó sì fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwé kan lé yín lọ́wọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan tí kò mọ̀wé yóò dúró níwájú yín, yóò na ìwé kan sí yín, kò sì ní mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ bá a kà á. Ẹ sọ òtítọ́ fún un nípa ohun tí ó kù tí yóò mú wá, ẹ gba iye tí òfin wí, ẹ lu òǹtẹ̀ náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa lọ sí ilé rẹ̀ kí oòrùn tó mú.